Gíwá wa fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìdásílẹ̀: kí ni ká fi sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Akọ̀wé Gíwá kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ́fíìsì gíwá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá níbí. Èmi ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá wa ń kà níbi ayẹyẹ. Ayẹyẹ ìdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá sì sọ pé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí òun máa sọ nínú ọgbà, òun fẹ́ lọ sí gbọ̀ngàn ìlú lọ́dún yìí, kí òun bá kábíyèsí, àwọn ìjòyè, ìyálọ́jà, àwọn àgbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn onílé tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé sọ̀rọ̀. Yorùbá ni wọ́n fẹ́ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ti kọ èyí tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo kọ ọ́ pé àjọ NUC, tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì Nàìjíríà, fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n wá yẹ̀ wò lọ́dọ̀ wa, pé àwọn olùkọ́ wa rí owó ìwádìí gbà lọ́dọ̀ TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún ilé ẹ̀kọ́ gíga lówó, pé àwọn ọmọ gba fọ́ọ̀sì kíláàsì, pé a ti ṣí ilé àyẹ̀wò tuntun fún àwọn onísáyẹ́ǹsì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, inú mi sì dùn sí i gidigidi, torí mo rí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń sùn sí ọ́fíìsì kí àwọn NUC tó dé. Àmọ́ mo kà á fún ìyá mi, tí wọ́n ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ́jà ìlú yìí. Wọ́n fetí sílẹ̀ títí mo fi parí, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa fún yín ṣe. Àwa wá ńkọ́?"

Ohun tí mo gbé wá síbí nìyẹn. Kí ni gíwá lè pè ní àṣeyọrí níwájú ará ìlú, tí wọ́n á gbọ́ tí wọ́n á mọ̀ pé tàwọn náà ni? Ìlú ló fún wa nílẹ̀. Oko kòkó ni ibi tí ilé ìkàwé wa wà lónìí, àwọn tó ni oko náà ṣì wà láyé, wọ́n á sì jókòó síwájú. Ẹni tó bá mọ bí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ṣe bá ìlú rẹ̀ ṣe, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ ọ́ ní kíkún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni mo ń wá.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa.

Ọdún 1962 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ Ìbàdàn ló wà nígbà náà. Ó di 1967 kí wọ́n tó kó wá sórí ilẹ̀ tí Ifẹ̀ yọ̀ǹda, láyé Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Gíwá tó kó wọn wá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwaṣanmí, ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ẹni tó mọ̀ nípa ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọdún 1966 ló gorí àga, ó sì wà níbẹ̀ di 1975. Tí àwọn èèyàn bá ń yìn ín, ilé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, àwọn ilé arẹwà tí Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ya àwòrán wọn. Ilé náà dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ni àwọn àgbà àdúgbò wa máa ń rántí.

Orí Olókun ni wọ́n máa ń rántí. Lọ́dún 1968, yunifásítì ṣí ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà sí àárín ìlú, wọ́n ò gbé e sínú ọgbà. Ibẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti ń darí eré. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń ṣe é: ọmọ ìlú wà níbẹ̀, ayàwòrán wà níbẹ̀, onílù wà níbẹ̀. Ìyá tó ń ti ọjà bọ̀ lè yà síbẹ̀ kó wòran. Ẹni tí kò tẹ ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí láyé rẹ̀ mọ̀ pé ìlù tòun àti orin tòun ni wọ́n fi ń kọ́ ara wọn níbẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1969, ni àwọn olùkọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìsọ̀yà àti àwọn abúlé tó yí i ká, lẹ́yìn ìlú Ifẹ̀. Wọ́n gbé irúgbìn àgbàdo tuntun lọ, wọ́n ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà, wọ́n sì bá àwọn obìnrin ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ àti ìtọ́jú ọmọ. Olùkọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nínú kíláàsì ní láti lọ dúró níwájú àgbẹ̀ gan-an, kó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ.

Ẹ tún rántí pé Wándé Abímbọ́lá jẹ́ gíwá Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989, ẹni tí wọ́n ti fi jẹ Àwíṣẹ, agbẹnusọ Ifá, kó tó dépò náà. Ẹni tó lè ki Ifá láàárín àwọn babaláwo ìlú ló jókòó sórí àga yunifásítì. Nítorí náà, ọ̀gá yín tó ní Yorùbá lòun máa sọ, ẹ bá mi kí wọn gidi gan-an.

Bàbá Ṣadé kọ:

Mo fara mọ́ ohun tí ọmọ Ifẹ̀ sọ, àmọ́ ẹ má yọ ọ̀rọ̀ NUC kúrò níbẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin lọ kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ó kù díẹ̀ kó jáde ni a gbọ́ pé àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà kò tíì fọwọ́ sí ẹ̀ka wọn. Gbogbo owó tí mo san, gbogbo alẹ́ tí ọmọ fi kàwé! A sáré títí kí wọ́n tó rí ọ̀nà àbáyọ fún wọn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbòmíràn sì ti ń gbowó oṣù. Nítorí náà, òbí tó bá jókòó sí gbọ̀ngàn yẹn fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé kí gíwá sọ ọ́ sí òbí létí, tí àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà bá ti fọwọ́ sí i pẹ̀lú, torí ti NUC nìkan kò tó. Kó ní, "Ọmọ yín tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wa, tó bá jáde lónìí, wọ́n á jẹ́ kó ṣe ìdánwò ìjọba, wọ́n á sì lè gbà á síṣẹ́." Ẹni tí kò mọ NUC mọ ìyẹn.

Èkejì, onílé ni mí. Yunifásítì tí kò ní ilé ìgbé tó pọ̀ tó, yàrá ìlú ló gbé e ró. Àwa la ń gba ọmọ ọlọ́mọ sílé, àwa la ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lóru tí ibà bá kì wọ́n mọ́lẹ̀. Kí ẹnì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ wa ní gbangba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò rò pé ó pọ̀ jù.

Ìyá Ìdèrè kọ:

Ọmọ mi, o káre. Bá mi kí ìyá rẹ. Ohun tí wọ́n béèrè yẹn ni mo fẹ́ fèsì sí, torí mo mọ ibi tí ó ti wá.

Ọmọ Ìdèrè ni mí, ní Ìbàràpá. Iṣẹ́ ìlera ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Yunifásítì ló mú mi mọ iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ n kò tíì dé Ìbàdàn rí nígbà tí ojú mi là sí i. Àwọn ni wọ́n wá bá wa nílé.

Ọdún 1963 ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà jọ dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀. Igbó-Ọrà ni wọ́n fi ṣe ibùdó. UCH ti wà ní Ìbàdàn láti 1957, ilé ìwòsàn ńlá tí gbogbo Áfíríkà mọ̀, àmọ́ dókítà tó bá jẹ́ pé inú wọ́ọ̀dù UCH nìkan ló ti kọ́ṣẹ́ kò ní mọ ohun tó ṣe aláìsàn kó tó kúrò ní abúlé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá láti bá wa gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ń sùn síbẹ̀, wọ́n ń jẹ láfún, wọ́n ń wọ agbo ilé láti mọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas, tó padà lọ darí ètò ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru fún WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní Geneva láti 1976, ẹ̀ka tó ń kó àwọn ọmọ wọ̀nyẹn wá ló ti wá. Ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Èkó tó bá dé ọ̀dọ̀ wa á kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń kí bàálé ilé kó tó ṣí ìwé rẹ̀. Àwọn ìyá wa ló kọ́ wọn. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n dárúkọ àwọn ìyá wọ̀nyẹn níbi ayẹyẹ kankan, ó sì máa ń dùn mí.

Ní Ìdèrè, sòbìà ló ń bá wa jà. Àwọn ọmọ òde òní kò mọ̀ ọ́n, a dúpẹ́. Èèyàn á mu omi odò adágún, kò ní rí nǹkan kan. Bí ọdún bá yí po, aràn tó funfun, tó gùn bí okùn ìdí àdìrẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí yọrí jáde lẹ́sẹ̀. Wọ́n á máa wé e mọ́ igi tín-ínrín, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Tó bá já sínú, ẹsẹ̀ á wú, á ṣọyún. Ìgbà tó yẹ kí èèyàn wà lóko gan-an ló máa ń dá a jókòó. Mo mọ ilé tí bàbá, ìyá àti ọmọ méjì jọ wà lórí ẹní lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn aládùúgbò ń bá wọn gbé oúnjẹ wá. Àwọn àgbà sì ní gbogbo èèyàn ló ní sòbìà lára, pé bí iṣan ni, wọ́n bí i mọ́ni ni.

Àwọn olùkọ́ tó wá láti Ìbàdàn kò sọ fún àwọn àgbà pé òpè ni wọ́n. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu omi odò sínú gíláàsì, wọ́n gbé e síta nínú oòrùn, wọ́n ní kí oníkálùkù wá wo nǹkan kéékèèké tó ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú rẹ̀. Inú kòkòrò omi yẹn ni ọmọ sòbìà ń gbé. Ẹni tí sòbìà ti yọ sí lẹ́sẹ̀, tó bá tẹ ẹsẹ̀ bọ odò, ó ti tú ọmọ rẹ̀ sómi nìyẹn. Tí a bá fi aṣọ tí ihò rẹ̀ wẹ́ gan-an sẹ́ omi náà, kòkòrò ò ní kọjá.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fetí sí rèé. Wọn ò rán aṣọ ìsẹ́mi yẹn ní Ìbàdàn kí wọ́n tó kó o wá bá wa. Aṣọ ni wọ́n kó wá, àwọn aránṣọ Ìdèrè ló rán an. Ìyá mi wà lára wọn. Ẹnu àmù lóríṣiríṣi ni, olùkọ́ kò lè mọ ìyẹn láti Ìbàdàn. Ìyá mi fi téèpù wọn ẹnu àmù káàkiri agbo ilé kí wọ́n tó gé aṣọ. Àwọn tí wọ́n yàn láàárín àwọn ará oko, tí wọ́n kọ́ ní ìtọ́jú kékeré, ló ń tà á ní iye tí apá ká. Àwọn kan ráhùn pé ó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Lójú tèmi, títà tí wọ́n tà á dára, torí ẹni tó fowó rà á kò fi nu tábìlì. Lẹ́yìn náà ni a tún ń gbẹ́ kànga.

Ìdèrè nìkan kọ́ ló ṣẹ́gun sòbìà. Ní nǹkan bí 1988, ó lé ní 600,000 èèyàn tí wọ́n kà pé ó ń bá jà ní Nàìjíríà. Ìjọba ṣiṣẹ́, Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, àti Ọ̀gágun Gowon, olórí Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, rìn káàkiri abúlé nítorí rẹ̀. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, nígbà tó sì di 2013, WHO kéde pé kò sí ní Nàìjíríà mọ́. Àmọ́ lára ohun tí àwọn ibòmíràn kọ́, ọwọ́ àwọn aránṣọ wa wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ Ìbàdàn náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìwádìí wọn.

Nítorí náà, tí gíwá kan bá dúró ní Ìdèrè lónìí, tó ní, "Ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe ìwádìí ńlá lórí sòbìà," wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n á sì máa retí ìgbà tí yóò parí. Tó bá ní, "Ẹ̀yin aránṣọ Ìdèrè, ẹ̀yin lẹ wọn ẹnu àmù," gbogbo gbọ̀ngàn á dìde.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìbejì Igbó-Ọrà. Gbogbo ayé ló ń wá síbẹ̀ wá ya fọ́tò báyìí. Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ló kà á sílẹ̀ ní nǹkan bí 1960 sókè, Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ló ṣáájú, pé nínú ìbí 1,000, ó tó bíi 45 tó jẹ́ ìbejì. Inú yàrá ìgbẹ̀bí ni wọ́n ti rí i kà, lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó gbà kí wọ́n kà á.

Kí ni wàá ṣe báyìí? Dìde lórí àga, lọ bá àwọn ẹ̀ka yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bi àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ pé oko ta ni wọ́n ti gbin irúgbìn wọn wò. Bi àwọn tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta pé ta ló fi ibi tí omi wà hàn wọ́n. Bi àwọn nọ́ọ̀sì pé ìyá wo ló jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbé ọmọ òun. Má gbàgbé àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń ṣọ́ géètì yín, ọmọ ìlú ló pọ̀ jù nínú wọn. Gba orúkọ wọn, kí o sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí o tó kà á síta. Tí o bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka tí kò ní orúkọ ẹnì kankan láti fún ọ, sọ fún gíwá. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀.

Ẹ má ṣèlérí nǹkan tí kò sí nínú ìwé owó yín. Ará ìlú kì í gbàgbé.

Ayàn Àgalú kọ:

Màmá ti sọ gbogbo rẹ̀. Ti ìdí iṣẹ́ wa nìkan ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ fi oríkì gíwá àti orúkọ ìlú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn onílù ìlú yín ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n má fi oríkì ẹlòmíràn kì í. Tí kábíyèsí bá wọlé, kí gíwá dìde, kó kí wọn bó ṣe yẹ, kó ṣí fìlà. Kó má jẹ́ kí ìwé bo ojú rẹ̀. Tí onílù bá dárúkọ ẹnì kan láàárín ọ̀rọ̀, kó dákẹ́ díẹ̀ kí ìlù parí ohun tó ń sọ. Ìṣẹ́jú mélòó kan nìyẹn á gbà, gbogbo ìlú á sì mọ̀ pé ọmọ ilé ni.

Akọ̀wé Gíwá kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Màmá, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo ti dé ẹ̀ka márùn-ún. Ẹ̀ka méjì kò rí orúkọ kankan fún mi, mo sì ti sọ fún ọ̀gá. Wọn ò bínú sí mi, wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹ̀ka náà sílẹ̀ fún wọn.

Àmọ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo gbọ́ ohun tí n kò mọ̀ rí. Olùkọ́ kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń bá àwọn ìyá tó ń yan gààrí ní ẹ̀yìn ọgbà wa ṣiṣẹ́ lórí ààrò. Èéfín ló ń bà wọ́n lójú jẹ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mọ ga jù, àwọn ìyá ní ẹ̀yìn ń ro àwọn. Wọ́n wó o, wọ́n tún un mọ. Ìyá kan ló sọ fún wọn pé kí wọ́n yí ẹnu ibi tí igi ń wọlé sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹni tó ń yan gààrí má bàa máa jókòó ti iná. Èyí tí wọ́n ń lò títí di òní nìyẹn, ọ̀pá èéfín rẹ̀ sì yọ sókè òrùlé. Mo lọ síbẹ̀. Mo dúró nínú búkà náà tí iná ń jó, ojú mi ò ta mí.

Ẹ wo bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà báyìí, lẹ́yìn ìkíni:

"Kábíyèsí, mo wá dúpẹ́. Ilẹ̀ tí a dúró lé lórí, oko àwọn ìdílé mẹ́rin ni, wọ́n sì wà níwájú mi yìí. Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin lẹ ń sùn ti ọmọ wa nígbà tí a kò ní ibùsùn tó tó. Lọ́dún yìí, àjọ NUC yẹ iṣẹ́ wa wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i, èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọ yín tó bá jáde nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò, ìjọba mọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Iṣẹ́ kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Àwọn olùkọ́ wa ló mọ ààrò kan, àwọn ìyá gààrí ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa mọ ọ́n."

Orúkọ àwọn ìyá náà ló tẹ̀ lé e. Wọ́n ti ní kí n kà á síta, àfi ẹnì kan tí kò fẹ́, mo sì yọ tiẹ̀. Èyí tó sọ̀rọ̀ nípa ẹnu ààrò gbà láti sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ kó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí àwọn bá parí tiwọn. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀, Màmá?

Ìyá Ìdèrè kọ:

Ọmọ mi, Ọlọ́run á gbé ọ ga. Jẹ́ kí ìyá gààrí sọ̀rọ̀ kí gíwá tó sọ̀rọ̀. Tó bá di ẹ̀yìn, àwọn èèyàn á ti máa wá bàtà wọn, ohùn rẹ̀ ò ní jáde. Kí gíwá jókòó, kó gbọ́ ọ, kó wá dìde fèsì sí ohun tí ó sọ. Kí o sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé ìyá náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti búkà, ọkọ̀ yunifásítì gan-an, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ rìn wá.